Má Fọwọ́ sí Irin Tí A Kò Fọ̀

Bọ̀dá Gbóyèga,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àjò Ọ̀tà. Bàbá wa ló ń sọ̀rọ̀, èmi Tọ́pẹ́ àbúrò yín ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ ìwé ọwọ́ Bàbá. Bí ó bá kọ "ẹ káàárọ̀" síbẹ̀, dókítà nìkan ló lè kà á, dókítà náà á sì fún un ní oògùn ibà. Torí náà ni ó ṣe jókòó sórí àgbá epo níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìgàndò níbí ní àárọ̀ Sátidé yìí, tó ní kí n mú bírò. Mo ní ṣé kí n kúkú pè yín lórí fóònù. Ó ní rárá. Ó ní lórí fóònù, ẹ máa ń sọ "yẹ́ẹ̀sì sà" kí òun tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ṣùgbọ́n lẹ́tà, èèyàn lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní lè dá a lóhùn. Màmá Sẹ̀lí ilé kejì ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀tà lọ́la lẹ́yìn ìsìn, òun ló máa gbé e lé yín lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ sọ ní Tọ́sìdé ni kò jẹ́ kí Bàbá jẹun bí ó ti yẹ. Ẹ ní ọ̀gá yín kó ọ̀pá jáàkì típà méjìlá síwájú yín, àwọn ọ̀pá gbọọrọ tó máa ń ti ẹ̀yìn típà sókè kí yanrìn lè dà. Ẹ ní wọ́n fẹ́ fi kúróòmù bò wọ́n, awọ tín-ínrín tó le ju irin lọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá tètè jẹ. Iṣẹ́ tiyín ni láti fọwọ́ sí ìwé pé ara ọ̀pá ti mọ́, kí wọ́n tó gbé e lọ bò. Àwọn méjìlá yìí, wọn ò fọ̀ wọ́n. Àkísà ni wọ́n fi nù wọ́n. Ọ̀gá yín sì ní oníbàárà ń kánjú, pé kí ẹ fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ máa lọ láìṣàlàyé, ẹ sì ti wá iṣẹ́ yẹn fún ọdún méjì gbáko. Ẹ bi Bàbá pé kí ni kí ẹ ṣe. Ó ní òun á rò ó. Ó ti rò ó. Láti Tọ́sìdé, irin ló ń bá sọ̀rọ̀, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni òun ní. Mẹ́ta ti Bàbá, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ti àkọ́kọ́ nìyí, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí, oríkì yín ló sì ń fi pè yín:

"Àjàní ọmọ mi, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo rò pé mo ti gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ. Ó ní kí n bá òun parí inú ihò písítìnì ẹ́ńjìnnì kan. Ó fi òkúta tí a fi ń ha inú irin lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fà á sókè sódò, kí n máa yí i, kí ìlà wínníwínní lè wà nínú ihò náà, kí wọ́n dábùú ara wọn. Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo wo àwọn ìlà yẹn, wọ́n dà bí ìgbà tí ọmọdé fi èékánná ha ògiri tuntun. Mo ní ṣé iṣẹ́ rèé? Mo mú sáńpépà tó kúnná jù lọ, mo pa gbogbo ìlà náà rẹ́, ihò náà sì wá ń dán."

Mo bi í bí ó ṣe dán tó. Ó ní ó ṣá dán. Èmi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dán débi pé eṣinṣin tó bá bà síbẹ̀ á yọ̀ ṣubú, á dá ní itan. Bàbá ní kí n pa ìyẹn rẹ́. Mi ò pa á rẹ́.

"Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé e padà, ó ń rú èéfín bí ẹni ń sun oko. Ọ̀gá mi tú u, ó wo inú ihò, ó wò mí. Ó ní, 'Lékan, ta ló ní kí o bá mi fi ìpara pa á?' Ó wá fi yé mi pé inú ìlà wínníwínní wọ̀nyẹn ni epo máa ń sá sí. Ihò tó bá dán jù, epo ò ríbi dúró sí, písítìnì á gbá a nù, irin á wá máa jẹ irin.

"Ìwọ ni mo ń bá wí. O ti ń dán jù. Láti kékeré ni o ti jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn máa ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Bí màmá rẹ bá ní ó dúdú, yẹ́ẹ̀sì mà. Bí mo bá ní ó funfun, yẹ́ẹ̀sì sà. Àwọn aráàdúgbò ń yìn mí pé ọmọ mi níwà, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ̀ pé sáńpépà ni mo fi ń ha ọ́. Jẹ́ kí ìlà díẹ̀ wà lára rẹ. Kí nǹkan kan wà tí èèyàn máa bá ọ sọ tí á dúró, tí kò ní yọ̀ lọ."

Bọ̀dá mi, ó dùn mí láti kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi ni mo jẹ gbogbo ẹran inú ìkòkò Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin lẹ sì bẹ Màmá.

Ti èkejì. Bàbá ní níbi tí irin méjì bá ti ń yí nínú ara wọn, ọ̀kan á jẹ, dandan ni. Àdúrà ò lè dá a dúró. Kí èèyàn kàn yan èyí tó máa jẹ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki búùṣì sáàárín, irin rírọ̀ tó pọ́n bí idẹ, kí búùṣì máa jẹ, kí ọ̀pá lè yè. Ọjọ́ tó bá jẹ tán, wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Ó ní òun ò mọ ìyẹn nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Obìnrin kan tó ń lọ ata ní Ẹgbẹ́dá, Ìyá Ìdòwú, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá pé búùṣì rẹ̀ ti jẹ. Bàbá ka ara rẹ̀ sí ọlọ́pọlọ: ó ní kí ló dé tí òun á fi fi irin rírọ̀ sí i tí á tún jẹ? Ó fi irin líle kókó, tí wọ́n ti sun nínú iná, gbẹ́ búùṣì tuntun fún un. Ó ní kí Ìyá Ìdòwú lọ fọkàn balẹ̀, pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa pààrọ̀ ìyẹn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ìyá Ìdòwú wọlé, ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀pá ẹ̀rọ tẹ̀ lé e.

"Lékan, o ní búùṣì yìí ò ní jẹ."

"Kò jẹ, mà. Ẹ wò ó."

"Mo rí i. Ó le bí ojú rẹ. Ọ̀pá mi dà?"

Ọ̀pá yẹn, Bàbá ní ó ti di ìrèké tí ọmọdé jẹ kù. Búùṣì líle ti jẹ ẹ́ láàárín. Búùṣì ni kékeré, ọ̀pá ni ńlá, òun wá fi ńlá gba kékeré là.

"Àjàní," ó ní, "ní ibi iṣẹ́, nǹkan kan lára rẹ máa jẹ. Fúnra rẹ yan èyí tó máa jẹ. Jẹ́ kí ìgbéraga rẹ jẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá ní o gọ̀, gbà. Bí ó bá ní kí o gbálẹ̀, gbá a dé ìta. Kí i kí ó tó rí ọ, pè é ní sà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Gbogbo ìyẹn, búùṣì ni, a máa rí òmíràn fi sí i. Orúkọ rẹ ni ọ̀pá. Ibi tí o bá fọwọ́ rẹ sí, orúkọ rẹ lo kì bọ ibẹ̀."

Bí a ṣe dé ibí yìí, ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ dé, ó ní kí a fọwọ́ kan ibi tí bẹ́árìn ẹsẹ̀ iwájú wà, irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé. Ó gbóná débi pé mo lè fi dín ẹyin. Ó ní, "Bàbá Gbóyèga, mo fi gíríìsì sí i o. Àpò kan odindi ni mo rọ sínú ẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbóná."

Bàbá ní, "Ìwọ lo ń mú un gbóná. Gíríìsì tó pọ̀ jù, ibo ló fẹ́ gbà? Á máa po ara rẹ̀ níbẹ̀ ni. Lọ fi ọwọ́ kó ìdajì rẹ̀ kúrò."

"Bàbá, ẹ ò ní tú u wò ni?"

"Mò ń kọ lẹ́tà."

Ó wò wá. "Ẹ̀yin? Lẹ́tà? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wá ìyàwó kékeré?"

"Ọmọ mi ni mo ń kọ ọ́ sí."

"Ẹ bá mi kí i jàre. Ẹ ní kí ó má gbàgbé àwa tí a wà ní Ìgàndò."

Ó ti kí yín, ẹ gbà á. Nígbà tó lọ tán, Bàbá nawọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bí Gbóyèga bá fẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó má rọ gbogbo àpò lé e. Bí àlàyé bá ti pọ̀, orí ọkùnrin náà á gbóná, ẹ̀mí ìjà á sì wọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo ka ti gíríìsì mọ́ ọn, mẹ́ta pé. Mo fẹ́ máa pa ìwé dé. Bàbá ní kí n dúró. Ó dìde, ó lọ pa ẹ̀rọ tó ń yí irin, èyí tí kì í pa tí oníbàárà bá wà níta pàápàá, ó padà wá jókòó. Ó ní èyí tó kù yìí, Màmá gan-an ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Mi ò bù mọ́ ọn. Ẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ̀ pé ó nira fún mi.

Ó ní ṣé ẹ rántí Bọ̀dá Ràfíù, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Òkè-Odò, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò ṣeé ká, tí Bàbá máa ń ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọdún tòun ti iṣu. Àwa rò pé ọ̀rẹ́ wọn ló le. Bọ̀dá Ràfíù ti wa típà rí. Ọ̀pá jáàkì típà rẹ̀ jẹ, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Bàbá. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, iṣẹ́ Bàbá ni láti ha ọ̀pá, kí ó fọ epo ara rẹ̀ kúrò, kí ó fi atẹ́gùn da yanrìn lù ú títí ara rẹ̀ á fi rí bí ahọ́n ológbò, kí àwọn tó ń fi kúróòmù bo irin tó gbà á. Ẹni tó bá fọ ọ̀pá tán á fi irin ṣóńṣó kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, níbi tí wọn kì í bò. Àwọn tó ń bo irin kì í gba ọ̀pá tí kò bá ní lẹ́tà náà lára.

"Ràfíù dúró lé mi lórí," Bàbá ní. "Ó ní, 'Lékan, irin lò ń fọ̀ ni àbí ìyàwó lò ń wẹ̀ fún? Iṣẹ́ ń dúró dè mí ní Ayọ̀bọ̀.' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo ki àkísà bọ inú bẹntiróòlù, mo fi nù ún lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ L sí i ní ìdí.

"Kúróòmù yẹn dára lójú. O lè fi wo ojú rẹ. Ṣùgbọ́n mọ èyí, Àjàní: ohun tí a fi bo irin kì í di irin mú, ohun tó wà lára irin ló ń dì mú. Bí epo bá wà níbẹ̀, epo ló dì mú.

"Kò ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ. Ràfíù gbé yanrìn lọ sí Ayọ̀bọ̀, ó gbé ẹ̀yìn típà sókè, yanrìn ò dà tán. Ó bọ́ sílẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ sẹ́yìn láti wa ìyókù. Awọ ara ọ̀pá ti ń ṣí, ó ti ya rọ́bà tó di epo mọ́nú. Epo tú jáde, ẹ̀yìn típà já wálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín.

"Ọ̀gá mi lọ gbé ọ̀pá náà wá. Ó fi èékánná ṣí kúróòmù yẹn níwájú mi, ó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Epo wà lábẹ́ rẹ̀, tútù. L mi sì wà ní ìdí rẹ̀. Ó ní, 'Lékan, epo rèé.' Kò tún dárúkọ ọ̀pá náà títí mo fi kọ́ṣẹ́ tán, tí mo gba ìdáǹdè.

"Mo lọ kí Ràfíù ní ọsibítù. Ó ní epo jáàkì tí òun rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan lójú títì ni kò dáa, pé òun ló fà á fún ara òun. Ó wò mí, ó ń dúró kí n dáhùn. Mo ní, 'Bóyá ni.' Torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe ń gbé iṣu lọ bá a lọ́dọọdún. Òun ló kán mi lójú nígbà yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé epo ṣì wà níbẹ̀. Èmi mọ̀."

Mo ṣí ojú ewé tuntun.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà:

"Tètè dé ibi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, kí àwọn yòókù tó dé. Má lọ bá ọ̀gá tó ju ọ̀gá rẹ lọ. Ọ̀gá rẹ gan-an ni kí o kọ́kọ́ bá. Kí i dáadáa. Bu omi sínú ife, omi lásán. Gbé ọ̀kan nínú ọ̀pá wọ̀nyẹn, kí o da omi náà sí i lára níwájú rẹ̀. Bí irin bá mọ́, omi á tẹ́ lórí rẹ̀ bí aṣọ. Bí epo bá wà níbẹ̀, omi á kó ara rẹ̀ jọ ní kóró kóró, bí ìrì lórí ewé kókò. Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí ó wò ó tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé ìwọ fúnra rẹ á fọ méjèèjìlá, pé o ò ní jẹun ọ̀sán, o ò ní lọ sílé bí kò bá tán. Èèyàn lè gba ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló burú, òmíràn kàn ń bẹ̀rù ẹni tó wà lókè rẹ̀.

"Bí ó bá ní kí o fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé ohun tí o rí ni wàá fọwọ́ sí. Kọ ọ́ sórí ìwé pé omi kó jọ lára ọ̀pá, kí o wá fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní kí o máa lọ sílé, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé báàgì rẹ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo mọ̀. Mo ti ra èké rí, mo sì ti lò ó pẹ́."

Bọ̀dá mi, kí n má parọ́ fún yín, èmi ti sọ fún Bàbá ní àná pé kí ó ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Mo ní gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ sí nǹkan, mo ní nǹkan tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní Èkó yìí nìkan, bí a bá tò ó, á dé òṣùpá, á sì ṣẹ́ kù fún bíbọ̀. Òní ló dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo kà á fún un tán, ó ní kí n tún ti Bọ̀dá Ràfíù kà. Mo tún un kà. Mo ní ṣé kí n yọ ọ́ kúrò. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n kò dáa kí ọmọ òun gbọ́ ọ kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ tó gbọ́. Ó wọ ẹ̀wù. Ó ní kí n gbé ìwé náà dání.

A bá Bọ̀dá Ràfíù ní ọgbà, ó ń fi rọ́bà wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù. Ó rí wa, ó ní, "Bàbá Gbóyèga, àsìkò iṣu kọ́ nìyí."

Bàbá ní, "Mi ò gbé iṣu wá. Ràfíù, ọ̀pá jáàkì ọjọ́ yẹn, èmi ni mi ò fọ̀ ọ́. Àkísà ni mo fi nù ún. Epo tí o rà ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Kò pa omi. Omi ń dà sórí búlọ́ọ̀kù kan náà títí abẹ́ rẹ̀ fi di ẹrẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?"

"Ọmọ mi ni. Wọ́n kó ọ̀pá síwájú rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọn ò fọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí i."

"Mélòó?"

"Méjìlá."

"Ti típà?"

"Ti típà."

Ó bi í pé ọjọ́ wo ni. Bàbá ní Mọ́ńdè. Bọ̀dá Ràfíù wá kọjú sí mi, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ lo ń kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ràfíù ní kí ó má fọwọ́ sí i."

Mo kọ ọ́ ní ìdúró níbẹ̀, ẹ wò ó bí ó ṣe wọ́. Kò ní òun dárí ji Bàbá, kò ní òun ò dárí jì í. Kò fún un ní àga. Ó fa rọ́bà rẹ̀ lọ sí ìlà búlọ́ọ̀kù kejì, ó ń wọ́n omi lọ. Bàbá dúró títí ó fi wọ́n ìlà yẹn tán, ó kí i pé ó dàbọ̀, a sì bọ́ sọ́nà.

Tọ́pẹ́ ló kọ ọ́.
Bàbá yín ló sọ ọ́.